Ọkọ̀ Inú Òfì àti Ọkọ̀ Ojú Òkun

Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè wa tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti gbọ́n tó ẹni tí í fetí sí ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ. Igi kékeré dídán tí ahunṣọ fi ń gbé òwú kọjá láàárín òwú, tí ń sáré lọ sápá ọ̀tún tí ń sáré bọ̀ sápá òsì bí ẹni tí ọba rán níṣẹ́, ọkọ̀ ni àwọn baba wa pè é. Igi ńlá gbígbẹ́ tí apẹja fi ń la ọ̀sà kọjá, ọkọ̀ náà ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti òfì rí, tí ó sì ti dúró létí ọ̀sà rí, kò ní í bèèrè ìdí rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ń la ohun tí ó tẹ́ rẹrẹ kọjá, tí wọ́n sì ń fi ipa sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn ọkọ̀ méjèèjì ni, àti ti aṣọ tí ó so wọ́n pọ̀, èyí tí a ń pè ní ìgbòkun; ibi tí mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé Èjìgbò ni, ìlú àárín ilẹ̀, tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní àríwá rẹ̀, tí Ẹdẹ àti Ìwó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹni tí ó bá dúró ní ọjà rẹ̀ kò lè gbúròó ìgbì kankan bí kò ṣe ariwo àwọn olùtajà.

Àwọn àgbà sọ fún wa pé Akínjọlé ni ó tẹ Èjìgbò dó, ọmọ tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ gbéra láti lọ wá ibi tí òun náà yóò ti fi adé lé orí. Ògìyán ni oyè tí ó jẹ, oyè náà ni ọba Èjìgbò ń jẹ títí di òní olónìí. Orúkọ oyè yìí náà ni orúkọ òrìṣà ìlú: Òrìṣà-jẹ-iyán, ẹni tí iyán jẹ́ oúnjẹ àyò fún, ni ahọ́n sọ di Ògìyán. Òrìṣà funfun ni, ó tan mọ́ Ọbàtálá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òrìṣà tí ń jókòó gẹlẹtẹ. Akin ni, ológun ni, àtòrì ni wọ́n sì fi ń ṣe ọdún rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò kan bá kọjú sí àwọn ọmọ àdúgbò kejì, tí wọ́n ń na ara wọn lẹ́gba láìbínú, kí ọdún tuntun lè bá ìlú lára mu. Nínú gbogbo ìjà yẹn, funfun láúláú ni aṣọ òrìṣà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo aṣọ funfun yẹn. Lónìí, a ń wọ ọjà, a sì ń ra ọ̀pá mẹ́wàá kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ aṣọ funfun ní láti gbin òwú, kí ó dúró kí ó là, kí ó já a, kí ó yọ kóró inú rẹ̀, kí ó fi ọrun gbọ̀n ọ́n títí yóò fi rọ̀ bí ìkùukùu, kí àwọn ìyá àgbà sì ran án sórí igi ìrànwú, kí ó tó di pé a mú un dé ìdí òfì rárá. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran: ní gbogbo agbègbè Ọ̀yọ́ àtijọ́, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ọ̀ṣun, agbára káká ni a fi lè rí agboolé tí kò ní òfì ìdúró lára ògiri, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun kíjìpá.

Ìyá bàbá mi wà lára àwọn tí ó hun ún kẹ́yìn. Mo rí i. Ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínà síwájú, igi pẹlẹbẹ tí ó fi ń gbá òwú mọ́ra sì ń dún pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, tí àwa ọmọdé fi ń mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn tàbí pé kò dùn. Bí ó bá gé aṣọ kúrò lórí òfì, kò ní í kọ́kọ́ wo ẹwà rẹ̀. Yóò mú un ní òró, yóò fà á. Yóò mú un ní ìbú, yóò fà á. Lẹ́yìn náà ni yóò wá di igun méjì tí ó kọjú sí ara wọn mú, yóò fa aṣọ náà láti igun dé igun, yóò sì tẹ́ etí bí ẹni pé aṣọ fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àkànbí, aṣọ kì í purọ́ ní òró, kì í sì í purọ́ ní ìbú; láti igun dé igun ni ó ti ń purọ́." Ọ̀rọ̀ yìí, ogójì ọdún kọjá kí n tó mọ̀ pé òun ni àwọn tí ń rán ìgbòkun ní gbogbo ayé ti ń bá jìjàkadì láti ìgbà tí ìgbòkun ti wà.

Ti ọkùnrin yàtọ̀. Orí òfì ìtẹsẹ̀ ni ọkùnrin ti ń hun tirẹ̀, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ń gùn lọ bí ọ̀nà oko, tí wọ́n á sì gé e sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi etí lé etí, tí wọ́n á rán an pọ̀ títí yóò fi di agbádá tí ó bo odindi ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí: aṣọ fífẹ̀ tí a bí láti inú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. A ó padà kàn án.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ Èjìgbò gun òkun, kì í ṣe ayọ̀ ni ó gbé e gun un. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí ogun ń ta sí ogun, tí ọmọ ń sùn ní ilé bàbá rẹ̀ tí ó sì ń jí nínú okùn àjèjì, àìmọye ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà, tí wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ìgbòkun ni ó gbé wọn lọ. Kò sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ wọnnì. Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run, tí aṣọ ọ̀gbọ̀ gbà mú, ni ó ya ọmọ nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan tí wọ́n mú ní Ọ̀ṣóògùn ní 1821 wà lára wọn, tí ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin 1822. Àjàyí Crowther ni, òun ni ó sì di aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Bí mo bá ka orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n Ìwé Ìṣe Àwọn Aposteli, níbi tí ìjì ti ń gbá ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù kiri, tí mo sì bá ọ̀rọ̀ náà ìgbòkun pàdé, ọkàn mi máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn tí ó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìgbòkun rí kí ó tó mọ ìwé kíkà.

Púpọ̀ nínú àwọn tí kò rí olùgbàlà lójú òkun gúnlẹ̀ sí Bàháyà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ibẹ̀ ni Ògìyán sì bá wọn gúnlẹ̀. Títí di òní, nínú àwọn ilé òrìṣà Salvador ní Bàháyà, irú bí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, Ògìyán ń jó pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, aṣọ funfun lọ́rùn, wọ́n sì ń kì í ní Eléjìgbò, ọba Èjìgbò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kì í kò dé Èjìgbò rí. Aṣọ funfun kan ni ó gbé wọn lọ, aṣọ funfun mìíràn ni wọ́n fi rántí ilé.

Ọdún 1851 ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ eré-ìje kan tí ń jẹ́ America wá láti New York, ó bá àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sá eré yí erékùṣù Wight ká, ó sì fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ife ẹ̀yẹ tí ó gbà ni ayé ṣì ń dù di òní. Ìrísí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú gbogbo àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lọ sí ìgbòkun rẹ̀. Ọ̀gbọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń rán tiwọn, aṣọ tí ó yọ̀, tí ó ń wú bí ikùn, tí wọ́n tilẹ̀ máa ń da omi lé lórí kí fọ́nrán rẹ̀ lè fún mọ́ra. Òwú ni America fi rán tirẹ̀, tí ẹ̀rọ hun pinpin, tí ó tẹ́jú, tí ó sì di ipò rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà ni òwú ti gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gbọ̀ lórí ọkọ̀ eré-ìje. Ohun tí ó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé òwú Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọwọ́ ẹrú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó gbìn ín tí ó sì já a. Àwọn ọmọ àwọn tí ìgbòkun kó lọ ni wọ́n ń gbin ìgbòkun. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà Èkó, wọ́n yin àgbá lu ìlú, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Bloodhound àti Teaser tí ó ṣíwájú ìjà náà, ẹ̀rọ oníná ni ó ń tì wọ́n. Ọkọ̀ onígbòkun ti ń di ohun àná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún yẹn gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè.

Mo ní láti sọ bí ọgbọ́n náà ti rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbòkun kò ju aṣọ tí a so mọ́ igi lọ. Bí a bá ta aṣọ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí afẹ́fẹ́, yóò gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan mìíràn ṣe. Kí ọkọ̀ tó lè rìn dáadáa lòdì sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ní ìdábùú, ìgbòkun ní láti ní ikùn, kí ó rọra tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá, kí ikùn náà jìn ní ibi tí ó yẹ, kí ó sì tẹ́ ní ibi tí ó yẹ. Ibo ni aṣọ títẹ́ ti ń rí ikùn? Ojú rírán ni. Fọ́nrán aṣọ ni aránṣọ ìgbòkun ń fi etí lé etí, gẹ́gẹ́ bí ti agbádá wa, ṣùgbọ́n yóò gé etí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kí ó tẹ̀ díẹ̀, bí ìbú ìka kan, nígbà mìíràn kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá wá fa etí tí ó tẹ̀ mọ́ etí tí ó tọ́, tí ó rán wọn pọ̀, aṣọ náà yóò wú fúnra rẹ̀. Aránfìlà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: aṣọ pẹlẹbẹ ni ó bá lọ́jà, orí roboto ni ó fi fìlà bò. Ẹni tí ó gé etí ní ìka méjì níbi tí ó yẹ kí ó gé ìka kan ti ba ìgbòkun jẹ́, kò sì sí atukọ̀ tí ó lè tún un ṣe lójú òkun.

Ìjà kejì ni èyí tí ìyá àgbà sọ. Afẹ́fẹ́ kì í fa aṣọ ní òró àti ní ìbú nìkan. A máa fà á láti igun dé igun, ibẹ̀ ni gbogbo aṣọ híhun sì ti ń yọ̀, tí ìrísí tí aránṣọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá yóò sọnù ní ọ̀sán kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń hun aṣọ náà le bí awọ, tí ọwọ́ lásán kò lè ti abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀. Awọ ni wọ́n ń dè mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí irin pẹlẹbẹ wà láàárín rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ti ìdí abẹ́rẹ́. Òwú tí wọ́n fi ń rán, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda oyin pa á lára kí omi má bà á jẹ́.

Nínú àwọn tí ó fi awọ yìí sọ́wọ́, ọkùnrin dúdú kan wà tí ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa. James Forten ni, tí wọ́n bí ní Philadelphia ní 1766, tí bàbá bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ ìgbòkun lọ́dọ̀ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Robert Bridges, ó di olórí àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ní 1798 ó sì gba ilé iṣẹ́ náà, ó ń san owó ọ̀yà fún dúdú àti funfun lábẹ́ òrùlé kan ní ìgbà tí ẹrú ṣì kún ilẹ̀ náà. Ọrọ̀ tí ó kó jọ nídìí abẹ́rẹ́ ni ó fi gbógun ti òwò ẹrú títí ó fi kú ní 1842. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò mọ ẹni tí òwe yìí bá mu jù ú lọ.

Ní ilé níhìn-ín, òwú tiwa náà rí tirẹ̀. Ní 1902, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, British Cotton Growing Association, láti máa wá òwú káàkiri ilẹ̀ ọba wọn kí wọ́n má bàa gbára lé Amẹ́ríkà nìkan. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbẹ̀ tí ó ti ń fi òwú wọn lọ àwọn ahunṣọ àdúgbò rí i pé òyìnbó pẹ̀lú fẹ́ ẹ. Àwọn ahunṣọ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà. Owó tí wọ́n ń san lórí òwú dára tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò fi gun reluwé, orí òfì ni ó dúró sí. Ohun ìwúrí ni èyí jẹ́ fún mi, mo sì fẹ́ kí a máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ. Kòkó àti aṣọ ilé ìtajà ni ó wá mú òfì ìdúró kúrò lára ògiri níkẹyìn.

Òwú pàápàá padà kúrò lórí ọkọ̀ eré-ìje. Ní 1941, Whinfield àti Dickson, ọkùnrin méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe okùn kan láti inú kẹ́míkà, Terylene, tí kì í mu omi, tí kì í jẹrà, tí kì í sì í yọ̀ bí òwú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Ted Hood ní Marblehead, Massachusetts, kò tilẹ̀ gbà kí ilé iṣẹ́ mìíràn hun aṣọ fún òun. Ó ra òfì tirẹ̀, ó ń hun aṣọ ìgbòkun tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé bí òfì bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ó ṣe lè gbá òwú mọ́ra tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo pariwo nínú yàrá mi. Òun tí ó ní ẹ̀rọ, tí ó ní owó, tí ó ní gbogbo ọgbọ́n ayé òde òní lọ́wọ́, orí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó padà sí, níbi tí ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò ti kúrò rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Lowell North, oníṣẹ́-ẹ̀rọ ará San Diego, fi kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń gé aṣọ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí ó sì di àwọn ọdún lẹ́yìn 1990, ilé iṣẹ́ náà kò fi aṣọ híhun ṣe ìgbòkun eré-ìje tí ó ga jù mọ́. Wọ́n ṣe ìtẹ́ ńlá kan tí ó ní ìrísí ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ ti kún, wọ́n tẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ̀rọ sì ń to fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ yóò ti fà á, kí ó má sí igun kankan tí aṣọ yóò ti lè purọ́. Ìjà ìyá àgbà ni wọ́n wá jà tán níbẹ̀.

Àwọn ará Èjìgbò ti wà létí òkun nígbà náà. Ó ṣòro láti rí ìdílé kan ní Èjìgbò àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, Màṣífá, Ọlá, Ìlàwó, Ìsúndúnrìn, tí kò ní ẹni tí ó ti gbé Àbíjáǹ rí. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lọ sí Kodifúà, láti ayé òyìnbó Faransé, wọ́n ń tajà ní àdúgbò Treichville àti Adjamé, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, títí tí èdè Faransé fi di èdè tí a ń gbọ́ lójú pópó Èjìgbò, tí owó sẹ́fà sì di owó tí àwọn olùtajà ń gbà láìwo ojú ẹni. Bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Èjìgbò tààrà, ó ń gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Akra kọjá, ó ń dé Àbíjáǹ. Láti Sẹ̀mẹ̀ lọ, etí òkun ni ọ̀nà náà ń gbà jù, apá òsì ni òkun wà bí a bá ń lọ, ọ̀sà sì wà lápá ọ̀tún ní ibi púpọ̀.

Lójú ọ̀nà yẹn ni mo ti rí ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí. Mo ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ní Àbíjáǹ, ìgàn aṣọ òfì kan wà nínú àpò mi fún ìyàwó, mo sì dúró ní Kútọnu fún ọjọ́ méjì. Mo lọ sí etí adágún Nokoué, níbi tí àwọn ará Ganvié ti ń gúnlẹ̀, àwọn tí ilé wọn wà lórí òpó láàárín omi. Àwọn ọkọ̀ ń bọ̀ láti ojú omi, ìgbòkun wọn ga, onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì lẹ̀ mọ́ àpò ìyẹ̀fun, tí èèyàn tilẹ̀ lè ka orúkọ ilé iṣẹ́ ìrẹsì lára wọn bí afẹ́fẹ́ bá ti kún un. Bàbá kan jókòó sórí ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú gẹ́lẹ́ bí ìyá àgbà ti máa ń ṣe, ó ń rán ìgbòkun. Kò ní awọ lọ́wọ́. Èèkù ọ̀bẹ ni ó fi ń ti abẹ́rẹ́. Ó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, mo sì kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Mo jókòó tì í. Mo rí i pé kò rán àwọn àpò náà ní títọ́. Bí ó bá ti ń sún mọ́ òkè, a máa ká etí àpò kan wọlé díẹ̀ ju èkejì lọ, kò sì wọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Mo bèèrè pé kí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó wò mí bí ẹni tí a bi léèrè pé kí ni ẹnu wà fún, ó ní, "Kí ó lè ní ikùn ni."

Ìgbà yẹn ni mo tú àpò mi, mo fa fọ́nrán òfì kan jáde, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò kí ó tó gbà á. Ó fà á ní òró, ó fà á ní ìbú. Lẹ́yìn náà ni ó di igun méjì rẹ̀ mú, ó fà á láti igun dé igun, ó sì tẹ́ etí sí i.

"Ẹni tí ó hun ún mọ iṣẹ́," ni ó wí. Ó ká a dáadáa, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà. "Ṣùgbọ́n òwú ni. Yóò mu omi."